Ọjọ́ Orí Fáìlì: Ìtọ́jú Déètì Àgbàsílẹ̀ Orin Inú Dùùrù Oníná ní Ìkirè àti Àpòmù

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọjọ́ tí ó máa ń wà lára fáìlì orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí dùùrù oníná. Ó ṣàlàyé ìdí tí ọjọ́ náà fi sábà máa ń yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n tẹ orin gan-an, ewu tí ìyàtọ̀ yìí ní fún ìwádìí lórí orin àti lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, àti ìlànà tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀lé láti dènà rẹ̀. Ìlú Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀rí ẹ̀rọ nìkan kò tó lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn.

1.0 Ìfáàrà

Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan. Ìlú méjèèjì múlé ti ara wọn, àwọn ènìyàn wọn sì jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń ṣe ìnáwó, wọ́n sì jọ ń kọrin. Ní irú ìlú báyìí, dùùrù oníná, tí àwọn atẹdùùrù ń pè ní kíbọ́ọ̀dù, ti di ohun èlò tí kò ṣàjèjì mọ́ nínú ilé ìjọsìn àti láàárín ẹgbẹ́ olórin. Púpọ̀ nínú àwọn dùùrù wọ̀nyí ni ó lè gba ohun tí atẹdùùrù bá tẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi í pamọ́ sínú fíláàṣì tàbí káàdì ìrántí. Èyí ti sọ atẹdùùrù di olùpamọ́ orin láìjẹ́ pé ó pè ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí ó ń wá orin ìkórè, orin àìsùn tàbí orin ìyàwó tí wọ́n fi dùùrù gbè lẹ́sẹ̀, ilé ìṣúra ni irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó lè rí i pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1980 ni ẹ̀rọ kọ sí ara orin tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó sì lè rí ogún orin tí gbogbo wọn ní ọjọ́ kan náà, nígbà tí atẹdùùrù sọ pé ọdún mẹ́ta ni òun fi gbà wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá kọ ohun tí ó rí sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, irọ́ ni ó kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n mọ̀. Àwọn àgbà sì ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

2.0 Ọjọ́ àti Ẹ̀rí Nínú Ìrírí Yorùbá

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ mú ìṣòro ọjọ́ wá. Kí ìwé kíkọ tó dé ni Yorùbá ti ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ sàmì sí àkókò. Orúkọ pàápàá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ó bá ń jẹ́ Abíọ́dún ti sọ fún ẹni tí ó pè é pé àsìkò ọdún ni wọ́n bí òun, Abíọ́nà sì ti sọ pé ojú ọ̀nà ni ìyá òun wà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ náà ń bá ọmọ rìn dé ibi gbogbo, kò sì sí ẹni tí yóò bọ́ ọ lára rẹ̀ bí ó bá ti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí fún ìtọ́jú fáìlì, yóò sì tún jẹ yọ ní ìsàlẹ̀.

Ìtàn Àpòmù fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn oníṣòwò láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ sì wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn lórí ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnu ni wọ́n fi pa ìtàn náà mọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá sọ nípa Àpòmù, parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì kú ní ọdún 1901. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ sọnù, Obadiah Johnson àbúrò rẹ̀ ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un tò, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921. Ẹni tí ó bá rí 1921 lára ìwé náà, tí ó sì gbà pé ọdún yẹn ni Johnson kọ ọ́, ti fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣìnà. Ọjọ́ ẹ̀dà ni ó rí, ó sì pè é ní ọjọ́ iṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti inú orin. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti gba orin Yorùbá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Láyé àwo, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba orin máa ń fín nọ́ńbà sí ara àwo kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé ilé-iṣẹ́. Àwo náà kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ni ó so ó mọ́ ìwé tí ó mọ̀ ọ́n. Ìlànà méjì yìí, àmì lára ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ tí ó dúró lọ́tọ̀, ṣì ni ó dára jù títí di àkókò yìí.

3.0 Bí Ọjọ́ Ṣe Ń Dé Ara Fáìlì

3.1 Oríṣi fáìlì méjì

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dùùrù oníná lè fi pamọ́. Àkọ́kọ́ ni fáìlì tí ó ń lo MIDI, ìlànà tí àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1983. Fáìlì yìí kò ní ohùn kankan nínú. Ohun tí ó ní ni àkọsílẹ̀ bí atẹdùùrù ṣe tẹ dùùrù: èwo ni ó tẹ̀, báwo ni ó ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó, báwo ni ó sì ṣe pẹ́ tó kí ó tó gbé ìka kúrò. Ó mọ iye àkókò tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì, ṣùgbọ́n kò sí ibi kan nínú rẹ̀ tí ó di dandan kí ẹ̀rọ kọ ọjọ́ sí. Àyè wà fún ọ̀rọ̀ kíkọ àti fún orúkọ ẹni tí ó ni orin, àmọ́ ènìyàn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Èkejì ni fáìlì ohùn, bí i WAV, tí ó jáde ní ọdún 1991. Èyí gba ohùn gan-an sílẹ̀. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ẹ̀yà WAV kan tí ó ní àyè fún ọjọ́ àti aago tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú dùùrù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn atẹdùùrù kì í ṣe ẹ̀yà yìí.

3.2 Aago tí kò sí

Fíláàṣì àti káàdì ìrántí sábà máa ń lo ètò ìtòfáìlì tí wọ́n ń pè ní FAT. Nínú ètò yìí, ọdún 1980 ni kíka ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí àyè fún ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, ọdún 2107 ni ó sì parí sí. Bí dùùrù bá ní aago, yóò kọ ọjọ́ tí aago náà sọ. Bí kò bá ní, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ dùùrù rí, yóò kọ ọjọ́ tí àwọn tí ó ṣe é ti fi sínú rẹ̀, èyí tí ó lè jẹ́ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà, tàbí kí ó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo. Nítorí náà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1980 lára fáìlì kì í ṣe ọjọ́ rárá. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé, "N kò mọ̀."

Dùùrù tí ó ní aago náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí bátìrì kékeré tí ń bọ́ aago bá kú, aago yóò padà sí ọjọ́ tí wọ́n fi sí i ní ilé-iṣẹ́. Bákan náà, ètò FAT kì í kọ orílẹ̀-èdè tí aago jẹ́ tirẹ̀. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Bí wọ́n bá fi aago Los Angeles sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì gba orin àìsùn sílẹ̀ ní Ìkirè ní agogo kan òru mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Bélú, ọdún 2024, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù Bélú ni yóò wà lára fáìlì. Orin òru ti di orin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ náà sì ti yí padà.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà kò ṣeé fojú fò. Ọ̀pọ̀ dùùrù ni ó ń gba orin sínú ìrántí ìgbà díẹ̀, tí yóò parẹ́ bí iná bá lọ kí wọ́n tó fi í pamọ́. Atẹdùùrù tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí sábà máa ń tún orin náà tẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ohun tí ó wà nínú fíláàṣì nígbà náà kì í ṣe orin tí àwọn ìjọ gbọ́ ní ọjọ́ ìkórè, àtúntẹ̀ rẹ̀ ni.

3.3 Ìrìn-àjò fáìlì

Lẹ́yìn tí fáìlì bá kúrò nínú dùùrù, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows ń tọ́jú ọjọ́ tí wọ́n dá fáìlì sílẹ̀ sórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà fáìlì sínú fódà mìíràn, ọjọ́ ìdásílẹ̀ yóò di ọjọ́ ẹ̀dà, ọjọ́ àtúnṣe yóò sì dúró bí ó ti wà. Ìdí nìyí tí fáìlì kan fi lè dà bí ẹni pé wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá gé ariwo kúrò nínú ohùn, tí wọ́n sì fi í pamọ́ bí fáìlì tuntun, ọjọ́ iṣẹ́ náà ni yóò wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀dà tí ó dé sínú fóònù Android lè gba orúkọ tuntun tí ó ní ọjọ́ ìfiránṣẹ́ nínú. Àlejò tí kò mọ ìtàn fáìlì náà yóò rò pé ọjọ́ orin ni.

4.0 Ohun Tí Ó Wà Nínú Ewu

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọjọ́ fáìlì kan fi kan ẹ̀ka Yorùbá. Ìdáhùn wà nínú ohùn èdè. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kátídírà Kírísítì ní Èkó fún ọdún púpọ̀, ṣe ìwé jáde ní ọdún 1953 lórí bí orin Yorùbá ṣe so mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti wà lórí bí àwọn tí ń fi dùùrù dá orin ṣe ń mú kí ohùn orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Bí àpẹẹrẹ, bí atẹdùùrù kan ní Àpòmù bá dá orin tí ó ní gbólóhùn "Ọkọ̀ wa ti gúnlẹ̀" nínú, tí ohùn orin sì gòkè lórí sílébù kejì, "ọkọ́ wa" ni etí yóò gbọ́. Ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ ti di ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko. Bí ó bá tún orin náà ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tí ohùn sì wálẹ̀ níbi tí ó yẹ, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹ̀dà méjèèjì hàn pé atẹdùùrù náà kọ́ láti máa bọ̀wọ̀ fún ohùn èdè. Ẹ̀rí tí ó ṣe kókó ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2015 sínú dùùrù tí kò ní aago, tí wọ́n sì gé ariwo kúrò lára rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2021, ọdún 2021 ni yóò wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀dà kejì bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi fóònù gbà ní ọdún 2018, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án mọ́, ọdún 2018 ni yóò wà lára tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tò wọ́n bí kọ̀ǹpútà ṣe tò wọ́n yóò kọ ọ́ pé atẹdùùrù bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì wá pa ohùn èdè tì. Ìdájọ́ rẹ̀ yóò lòdì sí òtítọ́ pátápátá. Yóò sì ba orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ takuntakun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tún wà níbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, dá ààbò bo iṣẹ́ orin títí di ìgbà tí àádọ́rin ọdún bá kọjá lẹ́yìn ọdún tí ẹni tí ó ṣe é kú. Bí ènìyàn méjì bá ń du orin kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ta ni ó ṣáájú. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gba kí ilé-ẹjọ́ lo àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó béèrè ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ ń pe ọdún 1980 yóò ní iṣẹ́ àlàyé láti ṣe.

5.0 Ìlànà fún Gbígba Orin Tuntun

Ìlànà wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀. Sùúrù ni wọ́n gbà.

(i) Kí aago ẹ̀rọ pé. Bí dùùrù, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bá ní aago, kí wọ́n tún un ṣe sí aago Èkó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ọdún wò pẹ̀lú.

(ii) Kí wọ́n sọ ọjọ́ sínú ohùn. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí olùgbohùn sọ ọjọ́, ìlú, ìdí tí wọ́n fi ń kọrin àti nọ́ńbà orin. Ẹ̀dà tí ó bá gbé orin náà lódindi ni yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí dání. Níwọ̀n bí fáìlì MIDI kò ti lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù ní àkókò kan náà.

(iii) Kí orúkọ fáìlì ní ọjọ́ nínú. Dùùrù sábà máa ń sọ orin ní orúkọ bí i SONG001, orúkọ tí ẹgbẹ̀rún fáìlì lè jẹ́. Kí wọ́n yí i padà ní ọjọ́ kan náà sí irú èyí: 2024-11-17_Apomu_Ikore_01. Ọdún ni ó ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ sì kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé ISO 8601, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1988. Àǹfààní méjì ni ó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò to orin bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi 03/04 kà, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Igbe fún ọmọ Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Ẹrẹ̀nà fún ará Amẹ́ríkà. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ti gba àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì, inú ìwé àkọsílẹ̀ ni kí àkọtọ́ tí ó pé wà. Orúkọ yìí yóò máa bá fáìlì rìn bí Abíọ́dún ṣe ń bá ọmọ rìn.

(iv) Kí ìwé àkọsílẹ̀ wà. Kí ó jẹ́ ìwé gidi tí wọ́n fi bírò kọ. Kí ó ní orúkọ fáìlì, ọjọ́ tí wọ́n dá orin sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kó o kúrò nínú dùùrù, oríṣi dùùrù, ìlú, àti orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ bí ó bá fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, kò sì yẹ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀.

(v) Kí wọ́n má fọwọ́ kan ojúlówó. Fáìlì tí ó ti inú dùùrù wá ni kí wọ́n tọ́jú sí fódà tirẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà méjì sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo gígé àti títúnṣe sì wáyé lórí ẹ̀dà mìíràn.

6.0 Bí Ọjọ́ Bá Ti Bàjẹ́

Èyí tí ó le jù ni fíláàṣì àtijọ́ tí gbogbo ọjọ́ inú rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe méfò. Kí ó wá ààlà méjì: ọjọ́ tí orin náà kò lè ṣáájú àti ọjọ́ tí kò lè kọjá. Orin kò lè ṣáájú ọdún tí irú dùùrù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò lè ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dárúkọ. Orin tí ó dárúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fún àpẹẹrẹ, kò lè ṣáájú 27 oṣù Ògún, ọdún 1991, ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Bákan náà, kò lè kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, bí ìránṣẹ́ náà bá ṣì wà. Nọ́ńbà tí dùùrù fún orin, bí i SONG007 àti SONG012, lè sọ èyí tí ó ṣáájú, bí atẹdùùrù bá fi dá wọn lójú pé òun kò pa nọ́ńbà kankan rẹ́ kí òun tún un lò. Ìwé ètò ìsìn, fọ́tò àti ìrántí àwọn akọrin tún lè dín àlàfo náà kù.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ nígbà náà ni "láàárín 2014 àti 2016", pẹ̀lú ẹ̀rí tí ó fi dé ibẹ̀. Àlàfo tí ó ní ẹ̀rí sàn ju ọjọ́ pàtó tí kò ní ìpìlẹ̀. Bí ó bá sì fi ẹ̀rọ yí ọjọ́ lára ẹ̀dà padà sí èyí tí ó tọ́, kò ṣẹ̀, bí ó bá ti kọ ọjọ́ àtijọ́, ọjọ́ tuntun àti ìdí àyípadà sínú ìwé. Àtúnṣe tí kò ní àkọsílẹ̀ ni ó ń di ayédèrú.

7.0 Ìlò Rẹ̀ Nínú Ìkọ́ni

Olùkọ́ lè fi kókó yìí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kan. Kí ó fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní fáìlì orin márùn-ún tí ọjọ́ wọn ti dàrú, kí ó sì ní kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí wọ́n sì gbèjà ètò tí wọ́n ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ orin, yóò fi etí sí ohùn ọ̀rọ̀, yóò béèrè ìtàn lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, yóò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó rí àti ohun tí ó rò. Ẹ̀kọ́ ìwádìí ni, ó sì bá ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mu. Nígbà ìgbèjà iṣẹ́ àpilẹ̀kọ pẹ̀lú, ó yẹ kí olùdánwò máa béèrè ibi tí ọjọ́ tí ó wà lára àfikún ti wá.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ọjọ́ tí ó wà lára fáìlì orin inú dùùrù oníná lè jẹ́ ọjọ́ ìtẹ̀, ọjọ́ ìfipamọ́, ọjọ́ ẹ̀dà, tàbí ọjọ́ tí kò sí rárá. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé àṣìṣe níbẹ̀ lè yí ìdájọ́ ìwádìí padà, ó sì lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn tí ó mọ ìgbà tí wọ́n tẹ orin kọ̀ọ̀kan ní Ìkirè àti Àpòmù ṣì wà láàyè, wọ́n sì ṣeé bi léèrè. Bí ẹ̀ka Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga olùkọ́ni bá rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn báyìí pẹ̀lú ìwé àti bírò, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní máa jiyàn lórí ọdún orin wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ọdún ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Àpòmù.